Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Iṣẹ́ Ọmọdé Nínú Ìjọ àti Ìtìlẹ́yìn fún Ìdílé

  Nínú ìwé ètò ọdọọdún ọ̀pọ̀ ìjọ, ìsàlẹ̀ pátápátá la ti máa ń rí iṣẹ́ ọmọdé, lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn àtúnṣe òrùlé, lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó pè mí wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gbé e sókè lónìí. Ọlọ́run yóò gbé tiyín náà sókè.

Kí n fi kókó ọ̀rọ̀ mi lélẹ̀ kí n tó rìn jìnnà. Ẹni tí ìjọ bá fi iṣẹ́ ọmọdé lé lọ́wọ́, ilé àwọn ọmọ náà ni ìjọ fi lé e lọ́wọ́. Bó bá kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ tó jinlẹ̀, tí kò sì mọ ilé tí ọmọ náà ń padà sí, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ kò bá pa ọjọ́ ìsinmi kankan jẹ, tí kò sì pẹ́ dé rí, bóyá ni yóò lo ju wákàtí méjì lọ lọ́dọ̀ wa. Wákàtí 166 tó kù, ilé ló ni ín, ilé-ìwé ló ni ín, àdúgbò àti fóònù ló ni ín. Bí ìjọ bá ń fà síwájú tí ilé ń fà sẹ́yìn, ilé ni yóò borí. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fà sọ́nà kan náà, ohun tí wákàtí méjì yẹn lè ṣe nínú ayé ọmọ kò kéré rárá.

Bí Iṣẹ́ Yìí Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní 1780, ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníwèé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Robert Raikes rí àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà, tí wọ́n sì ń rìn gbéregbère nígboro lọ́jọ́ keje. Ó wá olùkọ́, ó ń san owó fún wọn, wọ́n sì fi Bíbélì kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé kíkà. Àwọn òbí àwọn ọmọ yẹn kò lówó ilé-ìwé, wọn kò sì ní àkókò. Ohun tí apá ilé kò ká ni ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi kọ́kọ́ gbà ṣe. Ìtìlẹ́yìn fún ìdílé wà nínú iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ó dé etí òkun tiwa. Ní 1843, ní Àgbádárìgì, de Graft, ọmọ Gold Coast tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán wá, àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọdé. Ọmọ àwọn Sàró pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn ìdílé tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú tí wọ́n ń wá ọ̀nà padà sílé bàbá wọn. Ìdílé tí ogun ti tú ká ni ilé-ìwé náà ń bá wọn tún tò.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ náà wọ Ìbàdàn. David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, níbi tí ìjọ St David wà títí dòní. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Lowestoft ni Anna ti ń kọ́ ọmọdé lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tó dé Ìbàdàn, òbí tó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìwé kò pọ̀, torí ìlú ogun ni, ìwé kò sì tíì ní ìtumọ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjòyè Olúǹlóyọ̀ ló fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin. Yéjídé ni orúkọ obìnrin yẹn, ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn di òní olónìí.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí. Owó kò wọlé, ẹrù kò wọlé, ebi sì wọ ilé míṣọ́nnárì ní Kúdẹtì. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù inú ilé wọn láti fi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń darí iṣẹ́ ọmọdé fi èyí sọ́kàn. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni Anna wá kọ́ wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ebi dé, oúnjẹ àwọn ọmọ di iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà ní ibi tó kù sí. Èrò tó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni pé kí ọmọ kúrò ní agbo ilé kó tó lè di onígbàgbọ́. A kò gbọdọ̀ tọ ọ̀nà yẹn mọ́. Bí a bá fa ọmọ yọ kúrò nínú ilé rẹ̀, ilé náà wà síbẹ̀ bó ṣe wà, ọmọ náà yóò sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ wo ìtàn Àjàyí Crowther. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ní Freetown ni ìjọ ti kọ́ ọ ní ìwé. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ọmọ tí ìjọ kọ́ ló mú ìyá rẹ̀ wọlé. Ibi tí ọkàn olùkọ́ ọmọdé yẹ kó máa lọ nìyẹn: ọmọ tó jókòó síwájú wa lè jẹ́ ìlẹ̀kùn tí odindi ìdílé yóò gbà wọlé.

Ohun Tí Ìwé Mímọ́ Fi Lé Ilé Lọ́wọ́

Orí kẹfà ìwé Diutarónómì pàṣẹ fún òbí pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ ọmọ. Àsìkò mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ: ìjókòó ilé, ìrìn ọ̀nà, àsìkò oorun àti àsìkò jíjí. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ inú àgọ́ ìsìn. Òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Àwa ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́.

Hánà inú Bíbélì fi Sámúẹ́lì sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé Olúwa ní Ṣílò, ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń rán aṣọ kékeré kan tó ń mú lọ fún un. Ẹni tó ń rán aṣọ fún ọmọ tí kò sí lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fọkàn díwọ̀n bí ọmọ náà ṣe ń ga sí i. Ó gbé ọmọ fún àlùfáà, síbẹ̀ kò kó ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò. Irú òbí tó yẹ kí ìjọ máa ràn lọ́wọ́ láti dìde nìyẹn.

Nínú ilé Olúwa kan náà, Élì àlùfáà tọ́ Sámúẹ́lì yanjú, àmọ́ Hófínì àti Fíníhásì, ọmọ bíbí inú rẹ̀, bà jẹ́ lójú rẹ̀, kò sì dá wọn lẹ́kun tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin olórí iṣẹ́ ọmọdé, ẹ gba ìkìlọ̀ yìí pẹ̀lú mi. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ máa jẹun alẹ́ òun nìkan nítorí pé a wà ní ìpàdé tí a ti ń jíròrò bí a ó ṣe tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹni Tó Ń Darí àti Àwọn Tí Ó Ń Darí

Àwọn olùkọ́ ni agbo tó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ olórí iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, a máa ń mú ọ̀dọ́bìnrin kan tó láájò, a fi àwọn ọmọ tì í, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìwàásù ń lọ nínú gbọ̀ngàn, òun ń nu imú ọmọ lẹ́yìnkùlé. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ń lọ, òun ń pín bisikíìtì. Bó bá rẹ̀ ẹ́ tí kò wá mọ́, a óò ní ìtara rẹ̀ ti tutù. Olórí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò pín àwọn olùkọ́ sí ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kan máa kọ́ ọmọ nígbà tí èkejì ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Yóò pè wọ́n jọ láàrin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè jọ ka ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì sọ orúkọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn wọ́n.

Yóò wá ọkùnrin kún wọn pẹ̀lú. Ọmọ pọ̀ láàrin wa tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, tàbí tí bàbá ti kú, tàbí tó ti lọ. Ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ọkùnrin tó ń gbàdúrà, tó ń kó ìbínú rẹ̀ níjàánu, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, àwọn bàbá ńlá wa ti fi ọ̀nà kan hàn wá. Nínú àlọ́, olùpàlọ́ á pè, ọmọ á dáhùn. Orin á wọ àárín ìtàn, gbogbo ọmọ á gbè é. Ìbéèrè ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọmọ kì í sùn nídìí àlọ́. Ẹ jẹ́ ká máa kọ́ ìtàn Bíbélì bẹ́ẹ̀, ká jẹ́ kí ọmọ dáhùn, kó kọrin, kó béèrè. Ká tó tú wọn ká, ká bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí yóò sọ ìtàn náà fún nílé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká béèrè bó ṣe sọ ọ́ àti ohun tí ẹni náà wí. Ìbéèrè kékeré yẹn ló ń gbé ẹ̀kọ́ wọ ilé.

Nígbà Tí A Bá Wọ Ilé

Ìwé orúkọ ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí a bá ń pè é dáadáa, á sọ ohun tí ẹnu kò sọ fún wa. Ọmọ tí kò wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ó ní ohun tó ṣe é. Ó lè jẹ́ pé àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ni, pé ara ń ro ó, ó sì ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ọmọ tó ní àrùn yìí pọ̀ sí jù láyé. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò lówó ọkọ̀ fún ọmọ mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà tí òbí rẹ̀ ti lọ sí Ìlú Ọba tàbí Kánádà, tí ẹsẹ̀ sì ń dun ìyá náà. Olùkọ́ tí kò wọ ilé yẹn yóò kọ àmì pé ọmọ kò wá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Bí a bá wọ ilé, ká wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ará. Ẹ má gbé ìwé àti bírò dání bí agbowó-orí. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ yin ọmọ náà fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹ tó sọ ohun mìíràn. Òbí tó ti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì kò tún nílò ẹjọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kún un.

Bí ìrànlọ́wọ́ bá yẹ, ẹ jẹ́ kó wọlé ní bòńkẹ́lẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti to àwọn ọmọ opó síwájú ìjọ, tí wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò. Ọmọ mọ ìtìjú. Ìrẹsì á tán, ìtìjú náà lè pẹ́ lára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àti bàtà ilé-ìwé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án, owó ìdánwò, oúnjẹ lọ́sẹ̀ tí ọjà kò tà: ìwọ̀nyí lè dé ilé láìsí ariwo.

Ìdílé kan wà tí a máa ń gbàgbé, èyí tó ní ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí ìta gbọ̀ngàn, ó ń fi ọwọ́ dí ọmọ lẹ́nu nígbà tí àwọn ènìyàn ń wo ọ̀kánkán rẹ̀ bíi pé kò mọ ọmọ tọ́. Ìjọ tó bá fi olùkọ́ kan jìn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè jókòó gbàdúrà fún wákàtí kan, ti ṣe ìwàásù tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Ọdọọdún là ń ṣe ìkórè àwọn ọmọdé. À ń pe alága, à ń pe ìyá ìkórè, àwọn ọmọ ń kọrin, wọ́n ń dá owó. Mo bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ gbogbo pé kí wọ́n wo ibi tí owó náà ń gbà lọ. Bí owó tí àwọn ọmọ dá bá kọ́ ilé àlejò, tí àwọn ọmọ sì ń jókòó lórí sìmẹ́ǹtì, ọmọ ń wò wá, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí a kò fẹ́ kó kọ́.

Ààbò Ọmọ

Mo dé ibi tó wúwo jù lọ́kàn mi. Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn ilẹ̀ wa àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ní Nàìjíríà ló ń jẹ ìyà kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18: lílù, ọ̀rọ̀ tó ń fọ́ni lọ́kàn, tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti hùwà ìbálòpọ̀ àìtọ́ sí. Ẹ ka àwọn ọmọ inú kíláàsì yín, kí ẹ sì ronú sí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyí wà láàrin àwọn tó ń ka àkọ́sórí fún wa, àwọn tó ń fìyà jẹ wọ́n sì lè wà láàrin àwọn tó ń bọ̀ wá sin Ọlọ́run pẹ̀lú wa.

Nítorí náà, òfin gbọ́dọ̀ wà. Kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kí olùkọ́ máa jẹ́ méjì nígbà gbogbo. Kí a má fi ọmọ lé ẹni tí òbí rẹ̀ kò yàn lọ́wọ́ láti mú un lọ sílé. Kí a wádìí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé dáadáa kó tó dé ìdí wọn, bó ti wù kó gbọ́ ohùn Ọlọ́run tó. Àwọn ará wa tó ń darí ìjọ ní London mọ̀ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní DBS wà fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé. Ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún láti dáàbò bo ọmọ Yorùbá, ọmọ Yorùbá tó wà nílé náà tọ́ sí i.

Bí ọmọ bá sì sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i fún ọ, gbọ́ ọ dé òpin. Má pariwo, má bú u, má ṣèlérí fún un pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Sọ fún un pé o gbà á gbọ́ àti pé kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin yàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Èkó fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù náà sì ní tiwọn. Ní Ìkẹjà, ibùdó ìtọ́jú Mirabel ti ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń yanjú nínú yàrá àlùfáà, tí a ó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n sì dárí ji ara wọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù kí orúkọ ìjọ má bàa bàjẹ́. Orúkọ ìjọ ti bàjẹ́ níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ tí a bá bo ẹni tó ba ọmọ jẹ́ mọ́lẹ̀.

Èdè Tí Ilé Lè Gbọ́

Pọ́ọ̀lù rán Tìmótíù létí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà nínú ìyá rẹ̀ àgbà, Lóísì, àti nínú ìyá rẹ̀, Eunike. Ìran mẹ́ta ni. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn àgbà ń sin Ọlọ́run ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni wọ́n ń sọ nínú yàrá ọmọdé. Ọmọ á mú àkọ́sórí dé ilé, ìyá àgbà kò ní lè bá a kà á, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà yẹn mọ Bíbélì Yorùbá bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. A ti fi ọwọ́ ara wa yọ Lóísì kúrò nínú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àkọ́sórí wà ní èdè méjèèjì. Ẹ pe àwọn ìyá àgbà wá pa ìtàn fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù.

A mọ ohun tí ilé lè bí. Láti ilé onígbàgbọ́ kan náà ní Ìbàdàn ni Alexander Babátúndé Akínyẹlé àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti jáde. Ọ̀kan dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Èkejì kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn, ó wà lára aṣáájú ìjọ CAC, ó sì gorí oyè Olúbàdàn ní 1955. Ìjọ wọn yàtọ̀ síra. Ilé tó kọ́ wọn, ọ̀kan ni.

Àbá Mi

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ fún iṣẹ́ ọmọdé ní owó tirẹ̀ nínú ètò ọdún, ẹ fún un ní yàrá tó ní fèrèsé, kí ẹ sì kọ òfin ààbò ọmọ sórí ìwé kí gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olórí, ẹ tọ́jú àwọn olùkọ́ yín, kí ẹ sì máa pe àwọn òbí jọ lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́ta, ní àsìkò tí oníṣòwò lè wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ju yín lọ nínú ìpàdé náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ lálẹ́, ẹ pa fóònù, kí ẹ gbọ́ ìtàn tí ọmọ mú bọ̀. Ẹ̀yin bàbá, àdúrà ilé kì í ṣe iṣẹ́ ìyá nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín. Kí ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ṣí ìwé orúkọ yín, ẹ wá ọmọ tí a kò rí láti ọjọ́ yìí, kí ẹ sì lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ kí àwọn òbí rẹ̀ fún wa. Kí Ọlọ́run bù kún ilé gbogbo yín.